Ohun Tí Ẹsẹ̀ Ń Kà: Àfonífojì Ògùnpa gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìtàn Ìbàdàn

Bí àlejò bá wọ Ìbàdàn tó sì ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí nǹkan àtijọ́ wà, Màpó ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, gbayì lóòótọ́. Òpó rẹ̀ ga, orí òkè ló sì jókòó sí. Bí agbára bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ àlejò náà, wọn a mú un gun Òkè Àrẹ lọ wo ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ajẹ́lẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn. Láti orí ilé ìṣọ́ náà, wọn a nawọ́ sí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, èyí tí wọ́n parí ní 1965. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó tíì pé 100 ọdún. Ṣùgbọ́n omi ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ òkè wọ̀nyí, ó sì ti ń ṣàn kí ẹnikẹ́ni tó dáná sórí wọn. Ẹnikẹ́ni kì í mú àlejò lọ wo omi náà.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé Odò Ògùnpa ni ìwé ìtàn tó pẹ́ jù lọ n'Ìbàdàn, àti pé ẹsẹ̀ la fi ń kà á. Ìbàdàn tuntun, ìyẹn Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, ti kẹ̀yìn sí odò yìí. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ létí Ògùnpa kọjá ọ̀rọ̀ fàájì. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn àtakò tó le jù. Àwọn kan yóò sọ pé Ìbàdàn kì í ṣe Ifẹ̀. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, 1829 ni àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sọ ọ́ di ibùdó ogun, nígbà tó sì jẹ́ pé ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Sànmánì Agbedeméjì ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1500. Wọn a ní kò lè ní ohun sànmánì yẹn, wọn a sì tọ́ka sí àfonífojì odò Rhine ní Jámánì, níbi tí irú ohun bẹ́ẹ̀ wà. Ní 2002, UNESCO fi 65 kìlómítà nínú àfonífojì náà kún àkójọ ogún àgbáyé. Ní 2005, wọ́n ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rheinsteig, tó gùn tó 320 kìlómítà láti Bonn dé Wiesbaden. Ẹni tó bá tọ ọ̀nà yìí yóò máa ti ìdí ilé olódi kan bọ́ sí ìdí òmíràn. Ẹni tó bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, tó wá wo Ìbàdàn, yóò ní kò sí ohun tí a fẹ́ fi han arìnrìn-àjò.

Òṣùwọ̀n yẹn ni kò bá ilẹ̀ wa mu. Ní àkókò kan náà tí àwọn ìjòyè Jámánì ń to òkúta jọ sórí òkè, ilẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń ṣiṣẹ́, inú ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn sì wà di òní. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake walẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalárá ní Ifẹ̀ ní 1971 sí 1972, ó bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, tí wọ́n fún un mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tó ti bò ó mọ́lẹ̀ láti nǹkan bí 600 ọdún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìgboro, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ yí òun lẹ́sẹ̀. Yálà a gba ìtàn náà gbọ́ ní kíkún tàbí a kò gbà á, ó yé àwọn tó ń pa á pé nítorí arìnrìn-ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ tún wo Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: yàrà àti òkìtì tó yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20 níbòmíràn. Mọ́tò lè sáré gba ibẹ̀ kọjá kí èrò inú rẹ̀ má mọ̀ pé òun ti kọjá nǹkan kan. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, tí ojú ọ̀run di tẹ́ẹ́rẹ́ lókè orí rẹ̀, tí omi ń kán láti ara ògiri amọ̀ méjèèjì, òun nìkan ló lè sọ bó ti jìn tó. Odi Ọ̀yọ́ Ilé náà rí bẹ́ẹ̀. Láti mọ bó ti yí ìlú náà ká, àfi kí awalẹ̀pìtàn wọ inú igbó kó máa tẹ̀ lé e. Èyí ni Robert Soper àti Patrick Darling ṣe, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980.

Nítorí náà, kì í ṣe pé nǹkan àtijọ́ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ohun tó wà rẹlẹ̀ ni, ojú tó sì wà lórí ìjókòó ọkọ̀ kò lè rí i.

Ìbàdàn ńkọ́? Òótọ́ ni pé kò ní àpáàdì Ifẹ̀, kò sì ní Erédò. Ṣùgbọ́n ìdí tí ibùdó ogun fi di ìlú ńlá níbí kò sí nínú ìwé kankan tó bó ṣe wà nínú ilẹ̀ náà. Ìtàn sọ pé ẹ̀bá ọ̀dàn ni orúkọ rẹ̀ ti wá: ibi tí igbó ti pàdé pápá. Oríkì ìlú náà rántí èso òro àti ìgbín tí àwọn ará ìgbàanì jẹ nígbà tí wọ́n sá sórí òkè, ohun inú igbó tútù sì ni ìgbín. Bí o bá rìn láti Àgodì sọ̀ kalẹ̀ sétí Ògùnpa, tí o wá gun òkè lọ sí Òkè Àrẹ àti Màpó, eékún rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ ìdí tí àwọn Ológun fi yan ibẹ̀. Àwọn òkè tò tẹ̀ léra. Ọ̀tá tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la àfonífojì kọjá, kó sì máa gun òkè lójú àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Omi sì wà ní ìsàlẹ̀ fún ogunlọ́gọ̀ ọmọ ogun, ẹrú àti ẹṣin. Ọ̀nà wà níhà ìwọ̀ oòrùn, Ọ̀gbẹ̀rẹ̀ níhà ìlà oòrùn, Ògùnpa àti Kúdẹtì láàárín. Nígbà tí Balógun Ìbíkúnlé wá mọ odi tuntun yí ìlú ká ní 1858, òkè àti odò ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún un.

Kúdẹtì gan-an fi hàn bí omi ti ń pe ìtàn jọ. Etí ibẹ̀ ni míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó àwọn ọmọdé jọ láti kọ́ wọn ní ìwé. Ìjọ St. David's ṣì wà níbẹ̀.

Ìbàdàn tuntun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Rélùwéè dé ní 1901, Dùgbẹ̀ sì di ọjà àti ilé iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn ìlú àtijọ́. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Agbowó sì dìde ní iwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn la ilẹ̀ Bódìjà fún ilé gbígbé, pápá ìṣeré ńlá sì ṣí ní Ring Road ní 1960. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni gbogbo èyí, mi ò sì kábàámọ̀ pé wọ́n ṣe é. Àmọ́ ẹ kíyè sí orúkọ. Kúdẹtì, Ògùnpa, Odò-Ọ̀nà: omi ni àwọn àgbà fi ń sọ àdúgbò. Ring Road jẹ́ orúkọ títì. Challenge jẹ́ orúkọ ilé ìtàwé ẹ̀sìn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fi omi júwe ilé wọn mọ́, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sì kọ sí odò. Ohun tí ó wà lẹ́yìnkùlé, a máa ń da ilẹ̀ sí i.

Àgodì nìkan ni mo lè tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí Ìbàdàn tuntun ti dojú kọ Ògùnpa. Wọ́n dí omi náà níbẹ̀, wọ́n sì ṣí ọgbà ẹranko àti ewéko sí etí rẹ̀ ní 1967. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya. Ó gbé ẹranko ọgbà náà lọ, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, èèyàn tó lé ní 100 sì kú. Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà ṣì ń fi ọjọ́ yẹn ka ọjọ́ orí ọmọ. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ó tún pa èèyàn tó lé ní 100. Lẹ́yìn ti 1980, ojú tí ìjọba fi wo odò náà ni ojú tí èèyàn fi ń wo ọ̀daràn: wọ́n fi kọnkéré dè é lápá, kó lè sáré kọjá láàárín ìlú. Lẹ́yìn ti 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí àwìn 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti dènà omíyalé n'Ìbàdàn. Ó yẹ kí wọ́n fẹ ojú omi, ó sì yẹ kí wọ́n tún afárá ṣe. Ohun tí mo ń jiyàn lé ni pé ẹ̀rọ kò lè ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Àlàfo létí odò tí kò sí ẹni tó ń gbà á, láìpẹ́ ẹnìkan yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé síbẹ̀. Àlàfo kan náà, bí àwọn ọmọ iléèwé, ìyá arúgbó àti àlejò bá ń gbà á lójoojúmọ́, gbogbo ìlú ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Ẹ má sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni rírìn létí odò. Ní Òṣogbo, lọ́dọọdún nínú oṣù kẹjọ, Arugbá ń gbé igbá láti ààfin Àtáọ́jà lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì ń tẹ̀ lé e. Ìrìn yìí gan-an ló dáàbò bo igbó náà ju ọgbà tí wọ́n sọ yí i ká lọ. Igbó tó tó hẹ́kítà 75, tí ìlú ti gbòòrò dé etí rẹ̀, ì bá ti di ilé gbígbé bí ẹsẹ̀ kò bá máa tẹ ọ̀nà rẹ̀. Ìjọba fi àṣẹ dáàbò bo ibi kan nínú rẹ̀ ní 1965, Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ tún àwọn ojúbọ kọ́, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ní 2005. Àmọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wà ṣáájú gbogbo wọn. Òṣogbo kò ní ilé olódi. Ohun tó ní ni odò, igbó, àti àwọn èèyàn tí kò dẹ́kun láti máa rìn lọ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé Ògùnpa kì í ṣe Ọ̀ṣun. Ó ń rùn ní ọ̀pọ̀ ibi, àpò ọ̀rá sì dí i lójú. Bí a bá dúró títí yóò fi mọ́ kí a tó rìn ín, kò ní mọ́ láéláé, nítorí ẹni tí kò rí i kì í bínú nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba. Láti ìhà Aṣí àti Bódìjà, níbi tí omi náà ti ń bẹ̀rẹ̀, dé Àgodì, ọ̀nà kò ju ohun tí èèyàn lè rìn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láti Àgodì, lábẹ́ òkè Mọ́kọ́lá, dé Dùgbẹ̀, ibẹ̀ le, nítorí ọjà àti ilé ti wọ bèbè. Ibẹ̀ sì ni ìtàn ti pọ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú jagunjagun ti pàdé ìlú rélùwéè. Láti ibẹ̀ lọ sí Òkè-Àdó, Mọ́lété àti ìhà Challenge, omi náà tún ń fẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ awalẹ̀pìtàn, ó sì ní tàwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Agbowó lè fi okùn ìwọ̀n àti ìwé ìkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n máa kọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe kọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n máa wá ibi tí odi Ìbíkúnlé ti kọjá, kí wọ́n máa wọn ibi tí omi dé ní 1980 lára ògiri àwọn ilé tó ṣì dúró.

Ibi tí ìrìn náà yóò parí sí ni Odò-Ọ̀nà, níbi tí Ògùnpa ti ń wọ inú Ọ̀nà. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n dí ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942 kí ìlú lè rí omi mu. Ẹni tó bá ti Bódìjà rìn dé ibẹ̀ yóò rí omi méjèèjì tí wọ́n ń dà pọ̀: èyí tí Ìbàdàn dí kó lè mu, àti èyí tó kẹ̀yìn sí.