Ta Ló San Gbèsè Ìwé?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi wá jókòó tì mí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi ka ibí yìí kí n tó fọwọ́ sí i." Ìwé ẹ̀yáwó ni. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ yá a lówó tí yóò fi kàwé ní Polí, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún kò tíì pé ogún ọdún. Mo kà á, mo tún un kà, n kò sọ̀rọ̀. Ó rò pé àléébù ni mò ń wá sí i. Kò mọ̀ pé oko kòkó kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ayétòrò ni ojú mi ń rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yíyáwó kàwé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo bí ẹni pé àná ló dé yìí, kì í ṣe tuntun rárá nílẹ̀ wa. Ní ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1995, ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ ń kí ní "lọ́yà" tàbí "dókítà" lónìí, gbèsè ni wọ́n fi kàwé. Ohun tí a kì í bèèrè ni pé, ta ló san án?

Láyé àwọn baba ńlá wa, bí òkú bá kú tí kò sí owó ìsìnkú, tàbí ẹjọ́ bá dé tí owó ò sí nílé, ọ̀dọ̀ olówó ni wọn yóò gbà lọ. Ẹni tó yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni. Ó nílé, ó ní ẹbí, wọn ò lè tà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti ń dunni: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó. Èlé ni iṣẹ́ ọ̀hún. Bó fi ogún ọdún ro oko olówó, ojúlówó owó ṣì wà níbẹ̀ bó ti wà lọ́jọ́ tí wọ́n kà á sílẹ̀. Ẹni tó sì ná owó lè wà nílé kó máa mu ẹmu rẹ̀, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni òòrùn ń pa lóko olóko.

Ìjọba òyìnbó fòfin dè é. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ti yọ ènìyàn kúrò, igi kòkó ni a fi rọ́pò. Ẹni tó nílò owó yóò fi oko rẹ̀ dógò. Olówó yóò máa ká kòkó, yóò máa tà á, kò sì níí yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè, àfi ọjọ́ tí onígbèsè bá kó ojúlówó owó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ̀fà náà ni, àfi pé igi ló ń sìnrú báyìí. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Galletti, Baldwin àti Dina, tí wọ́n wádìí ìgbé ayé àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá, tí ìwé wọn sì jáde ní 1956, bá gbèsè àti oko ìdógò lọ́wọ́ àwọn baba wa.

Ní ọdún 1950 ni Egbado College ṣílẹ̀kùn ní Ìlaròó. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí o. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ojú ẹ̀yáwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 sí i, ó kọ̀wé sí ọlọ́rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde nì, Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, pé kó yá òun ní 1,400 pọ́n-ùn kí òun lè lọ kọ́ òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ọ̀hún kò bọ́ sí i. Ó wá a níbòmíràn, ó wọkọ̀ lọ ní 1944, ó sì di lọ́yà ní 1946. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́ lówó ìwé rí ló lè mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọ̀kúnkúndùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Bàbá tí kò san nǹkan kan fún ọdún mẹ́fà, ẹnu ọ̀nà sẹ́kọ́ńdìrì ni owó ti wá dè é lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963, tí ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard ràn wọ́n lọ́wọ́ sí i, orí gbogbo agbègbè wa wú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìwé, tó tún ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ni ènìyàn tún ń fẹ́? Àwọn oko tó wà láyìíká ibẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè ohun tó ná àwọn bàbá.

Ó wá kan yunifásítì. Ní Gánà, ìjọba Busia gbé ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀ ní 1971. Nígbà tí ológun lé e lọ ní oṣù kìn-ín-ní 1972, wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ dànù. Ọdún yẹn gan-an ni Ọ̀gágun Gowon gbé tiwa jáde níhìn-ín. Wọ́n fi òfin ológun dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ tálákà lè yáwó, kó kàwé, kó ríṣẹ́, kó sì san án padà díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n yá a. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọn ò san. Ẹ má ṣe sọ pé olè ni wọ́n o. Mo ti bá méjì nínú wọn sọ̀rọ̀, àgbà ènìyàn tó ṣeé fọkàn tán ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní lẹ́tà kan ṣoṣo ni òun gbà, òun sì ti kó kúrò ní àdírẹ́sì yẹn. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Owó ìjọba kẹ̀? Ta ni n bá gbé e fún?" Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀rín yẹn. Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ àwìn fún ìyá wa, ó mọ ilé wa, ó mọ ọjọ́ ọjà wa, yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Olówó oko kòkó wà ní ilé kẹta sí tiwa. Ìjọba kò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Náírà tí wọ́n sì yá wọn nígbà tó níyì ju dọ́là lọ ti di bébà kó tó di pé ẹnìkan rántí gbèsè. Ní 1993, ìjọba ológun tún ṣe òfin mìíràn pé kí báńkì ẹ̀kọ́ rọ́pò ìgbìmọ̀ náà. Èmi kò rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi owó báńkì yẹn ra páálí ìwé.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ tiwa nílé, ẹ rántí ohun méjì. Ní oṣù kẹrin 1978, ìjọba fi kún owó oúnjẹ àti ibùgbé ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí Ṣẹ́gun Òkéòwò jẹ́ aṣáájú wọn, tú sígboro, wọ́n ní Ali tó jẹ́ kọmíṣánnà ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lọ. Ìbọn pa Akíntúndé Òjó ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tó di 1979, Polí ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìlaròó, nínú ọgbà Egbado College gan-an. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Olóyè Bísí Ọnàbánjọ wọlé ní ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ológun lé wọn lọ lọ́jọ́ tí 1983 parí, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ padà wá.

Ní 1993, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ yunifásítì. Owó ẹ̀kọ́ gan-an kò tó nǹkan. Oúnjẹ ni, yàrá ni, ìwé ni, ọkọ̀ ni. Bàbá wa fi oko kòkó dógò lọ́dọ̀ ọkùnrin ará Ayétòrò kan. Ọkùnrin náà kò rẹ́ wa jẹ o, bí àdéhùn ṣe rí ló ṣe é. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin di ọdún mẹ́fà nítorí ìyanṣẹ́lódì. Èmi jáde sẹ́kọ́ńdìrì ní 1998, èsì mi dára. Mo gbé e lọ fún Bàbá. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, oko ò tíì kúrò lọ́wọ́ olówó." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ lẹ́tà béèrè yunifásítì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, oko yẹn ni.

Mo lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn, mò ń ka àṣìṣe àwọn tó kàwé jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, kò ríṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Ní 2004 ni owó pé. Ìdajì jẹ́ tirẹ̀, ìdajì jẹ́ tèmi. Èmi àti Bàbá lọ gba oko padà. Àfòmọ́ ti bo igi. Ẹni tó ń ká kòkó olókòó, kí ló máa bá a gé àfòmọ́ fún? Bàbá dúró sábẹ́ igi kan, ó fọwọ́ pa ara rẹ̀, ó ní a ṣe é, a ṣe é. Igi tó so lọ́dún yẹn kò kún ọwọ́. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe òun ló ní kí wọ́n fi oko dógò.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìwé ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ẹ̀yáwó tuntun tí Ààrẹ Tinúbú kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 12 oṣù kẹfà 2023 bí mi nínú. Ó ní àfi kí owó tó ń wọlé fún ìdílé má tó 500,000 náírà lọ́dún. Ó ní kí ọmọ mú onígbọ̀wọ́ méjì wá. Ó ní bí òbí rẹ̀ bá ti yá owó ìwé rí tí kò san, kí ọmọ má gbà. Ìwọ̀fà kọ́ nìyẹn? Ọmọ tún ń jìyà gbèsè tí kò jẹ. Wọ́n tún òfin náà ṣe, Ààrẹ fọwọ́ sí tuntun ní 3 oṣù kẹrin 2024, gbogbo ìyẹn sì kúrò. Kò sí èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹun. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀, ìdámẹ́wàá owó oṣù ni.

Mo gbọ́ àwọn tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́, mo sì fara mọ́ wọn dé ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí tó wà létí bodè. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, àti ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ àti ẹni tó ń tajà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ní Ìdírókò, owó ìwé ọmọ wọn gan lójú kan náà. Wọn ò ṣí Ìdírókò padà títí di oṣù kẹrin 2022. Ọmọ tó yẹ kó parí Polí láàárín ọdún yẹn kò lè jókòó retí ọ̀fẹ́.

Ẹ̀rù tó kù sí mi lọ́kàn ni iṣẹ́. Ìdámẹ́wàá òfo, òfo náà ni. Ìjọba tún lè gbàgbé ojúlé wọn bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀, ẹni tó ka ìwé ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gbèsè, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní kó fọwọ́ sí i.

Lóṣù tí 20,000 àkọ́kọ́ wọlé, ó fi 5,000 ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo dá a padà kí ọjọ́ tó ṣú. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá, ṣé kò tó ni?"

Mo ní ó tó. Mo ní kó lọ fi ra ìwé.