Ìfipamọ́ (nínú géèmù)

Ìfipamọ́: kí géèmù kọ ibi tí ẹni tó ń gbá a dé sínú ẹ̀rọ, kí onítọ̀hún lè padà wá tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: “Fi ibi tí o dé pamọ́ kí o tó wá jẹun.” Àkọsílẹ̀ kékeré ló máa ń pa mọ́: ìpele tí èèyàn dé, ohun ìjà tó kó jọ, ẹ̀mí tó ṣẹ́ kù.

Ní Jàpáàn ní 1986, géèmù Dragon Quest máa ń fún èèyàn ní lẹ́tà 20 láti dà kọ sínú ìwé, kó lè tẹ̀ wọ́n padà nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Bó bá ṣi ẹyọ kan kọ, géèmù kò ní gbà á. Nígbà tí géèmù The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà ní 1987, bátìrì kékeré wà nínú káàtíríìjì rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí àkọsílẹ̀ parẹ́ bí iná bá kú. Bí bátìrì náà bá tán, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ géèmù PlayStation ti 1994 lo káàdì oníkílóbáìtì 128, tí èèyàn lè mú lọ sílé ọ̀rẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ géèmù ń fi nǹkan pamọ́ fúnra wọn.

Ìfipamọ́ yàtọ̀ sí ibi àtúnbẹ̀rẹ̀, níbi tí géèmù ń dá ẹni tó bá kú padà sí. Ibi àtúnbẹ̀rẹ̀ lè parẹ́ bí a bá pa ẹ̀rọ. Ìfipamọ́ kì í parẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo géèmù gígùn ní in, torí àkókò èèyàn níye lórí.