Ta Ni Ó Rán Ọ Níṣẹ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014, òru ọjọ́ kan wà tí tẹlifóònù alágbèéká kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn ní Nàìjíríà. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ fún ara wọn, lórí Facebook, lórí WhatsApp àti nínú àtẹ̀jíṣẹ́: kí oníkálukú fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn Ebola má baà mú un. Ìbẹ̀rù náà nídìí, nítorí pé ní ọjọ́ 20 oṣù keje ni arìnrìn-àjò kan ti gbé àrùn náà wọ Èkó láti Làìbéríà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ṣe oògùn Ebola. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé, ó sì tọ́ka sí ìròyìn pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Àìmọ̀wé kọ́ ni ó fà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà da omi sára lóru ọjọ́ náà. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ni a gbàgbé, èyí tí àwọn baba wa kì í fi ṣeré: ta ni ó rán ọ níṣẹ́? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. Wọn a fá apá kan orí rẹ̀, wọn a dá apá kejì sí. Ibẹ̀ ni orúkọ oyè náà ti wá. Aláàfin a sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó fi agbára tàbí èrò ọba hàn, irú bí Ọbalólú. Kí ó tó la ẹnu, ará ìlú ti mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Akéde tí ń lu agogo kiri àdúgbò kò ní irú orí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá parọ́, gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀rọ tí ń tàtaré ohùn láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Èkó ní ọdún 1935, a kò mọ ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tí ó ni ohùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe rédíò. (Ẹ̀fẹ̀ wà nínú orúkọ náà, ẹ̀sùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.) Ti WhatsApp yàtọ̀: a lè gbèsì, ṣùgbọ́n ta ni a ó fún lésì? Ẹ̀gbọ́n ẹni ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà; a gbà á gbọ́ nítorí pé ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Kì í sì í ṣe òun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lóòótọ́, orí Twitter àti Facebook kan náà ni a ti tako irọ́ iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa nǹkan bí 900 ènìyàn, wọ́n kan ilẹ̀kùn ní ìgbà tí ó tó 18,500, wọ́n ń fojú kojú. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá a kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Nígbà àrùn Kòrónà, láti ọdún 2020, àjọ tí ń ṣètò ìdènà àrùn ní Nàìjíríà ń gbé iye àwọn tí àrùn mú jáde lójoojúmọ́ lórí Twitter. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí àrùn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ọba ni ó gba agogo lọ́wọ́ akéde ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣì ń wọlé síbẹ̀ ní gbogbo oṣù méje náà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.