Abẹ́rẹ́ àjẹsára: Ṣé àrùn kan ṣoṣo ni ó ń lé lọ?

Ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, bíi ti ibi gbogbo ní Nàìjíríà, apá òsì ni wọ́n ti máa ń gún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ BCG. Nítorí ikọ́ ìfe ni wọ́n ṣe ń gún un. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń jiyàn bóyá abẹ́rẹ́ yìí àti ti éèyi ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn àìsàn mìíràn pẹ̀lú.

Àdúgbò Bandim, ní Bissau, olú-ìlú Guinea-Bissau, ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Peter Aaby, ọmọ ilẹ̀ Denmark, dé ibẹ̀ ní 1978. Éèyi jà ní 1979, ó sì pa ọmọ lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún náà, ikú dín kù ju iye tí éèyi nìkan lè pa lọ. Ní 2017, wọ́n pa ìwádìí mẹ́ta lórí BCG pọ̀: láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìtó kílò méjì ààbọ̀, tí wọ́n sì tètè gún, ikú ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní India kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí BCG máa jí àwọn ọmọ ogun ara sí ojúṣe wọn. Ti éèyi tún burú ju bí a ti rò lọ: ìwádìí 2019 fi hàn pé àrùn náà ń mú kí ara gbàgbé àwọn àrùn tí ó ti bá jà rí. Òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru wá ń rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ éèyi bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn náà.

Èyí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní Iléṣà láti 1956, tọ́jú àwọn ọmọ Imẹ̀sí-Ilé, ó sì rí bí éèyi ṣe ń mú wọn rù. Ibẹ̀ náà ni káàdì ìwọ̀n ọmọ, tí àwọn ìyá ń mú lọ sí ìwòsàn kárí ayé, ti bẹ̀rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2014. Ó gbà pé BCG àti ti éèyi lè dín ikú kù. Ẹ̀rí lórí abẹ́rẹ́ gbọ̀fungbọ̀fun, ikọ́ àwúbì àti ipá kò bára mu, àwọn kan tilẹ̀ fura sí ìpalára. Síbẹ̀, àjọ náà kò yí ètò padà. Gbọ̀fungbọ̀fun tí ó jà ní Kano ní 2023, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́, jẹ́ ìdí kan láti gbà á.

Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń gba ti éèyi ní Nàìjíríà. Ìkejì yìí ni àwọn ìyá sábà máa ń gbàgbé.