Abẹ́rẹ́ Nínú Agbo Ilé: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Aṣọ Rírán ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmaikò

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni. Àwọn òpìtàn ti kọ ohun púpọ̀ nípa aṣọ híhun ní Ìsẹ́yìn àti aṣọ rírẹ ní Abẹ́òkúta, títí òfì àti àdìrẹ fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rán aṣọ náà pọ̀, àti ibi tí ó ti kọ́ ọ, kò tíì rí òpìtàn tí ó tó. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ̀-oòrùn Èkó, ní ilẹ̀ Àwórì, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà àti Òkòkòmaikò. Ìlú ẹlẹ́ja àti àgbẹ̀ ni ibẹ̀ jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀sà ni ọ̀nà wọn sí Èkó àti sí Àgbádárìgì kí ọ̀nà mọ́tò tó dé. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òpópónà ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì là wọ́n kọjá, tí ìjọba Jákàńdè kọ́ ilé sí Ìbà láàrin ọdún 1979 sí 1983, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì wá fi Ọ̀jọ́ ṣe ibùjókòó ní ọdún 1983. Èrò ya wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. Ẹni tí ó bá kọjá ní Òkòkòmaikò lónìí lè má mọ̀ pé orí ilẹ̀ Àwórì ni òun wà.

Ní irú agbo ilé tí mo ń sọ yìí, abẹ́rẹ́ méjì ni ọmọ ń bá. Èkínní ni abẹ́rẹ́ àwọ̀n, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́, tí àwọn ọkùnrin fi ń hun àwọ̀n ìpẹja tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe ní ọjọ́ tí wọn kò bá lọ sí odò. Ọmọkùnrin a jókòó ti baba rẹ̀, a máa wo bí ó ti ń fi ìka wọn ojú àwọ̀n kí ó má baà fẹ̀ ju ara wọn lọ. Èkejì ni abẹ́rẹ́ aṣọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì, nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ àwọ̀n tún ṣe kì í bẹ̀rù aṣọ tí ó ya.

Èmi náà jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe aṣọ rírán rárá, bí kò ṣe òwú títì bọ ihò abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ kò tó o mọ́, ojú tèmi sì tó o. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tèmi kò mọ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: nípa pàṣípààrọ̀ yìí ni ọmọ fi ń wọ inú iṣẹ́ láìmọ̀. A kò sọ fún mi pé mo ń kọ́ṣẹ́. Mo kọ́ pé òwú kò gbọdọ̀ gùn ju apá lọ, nítorí òwú gígùn a máa lọ́ mọ́ra. Mo kọ́ pé a ń fi itọ́ tẹ́ orí rẹ̀, a sì ń fà á kọjá lára ìda oyin kí ó lè le. Lẹ́yìn èyí ni a fún mi ní ìrépé láti gán pọ̀. Lẹ́yìn gígán ni mo tó mọ bí a ti ń ṣẹ́tí aṣọ. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá wọ́, ìyá àgbà kò ní báni wí. A fa òwú náà yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì dá aṣọ padà síni lọ́wọ́. Mo ti jókòó ní iwájú ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ìgbà náà wá, n kò tíì rí èyí tí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìrépé wọ̀nyí kì í ṣòfò. Wọ́n di òṣùká, wọ́n di ìlédìí ọmọ, wọ́n di aṣọ ọmọláńgidi, wọ́n di àpò ìrọ̀rí tí a ki òwú àràbà sí nínú. Èyí tí ó dára jù nínú wọn ni a fi ń ṣe àbùlẹ̀. Àbùlẹ̀ dídára kì í fi ara hàn: a ní láti wá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá tó ara aṣọ tí a fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ kan dúró níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ obìnrin ni abẹ́rẹ́ láti ayébáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ni aránṣọ tí ó ń ran agbádá àti dàńdógó, òun náà ni ó sì ń ṣe ọnà sí ọrùn wọn. Abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin wà nínú àdìrẹ alábẹ́rẹ́, tí a fi ìko tàbí òwú rán kí aró má baà wọ ibi tí a kò fẹ́. Ẹni tí ó rán an ni yóò sì tún tú u. Àwọn Òyìnbó ajíhìnrere ni ó sọ aṣọ rírán di ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Townsend, Gollmer àti Crowther gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 1853, Anna Hinderer ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní aṣọ rírán pẹ̀lú ìwé kíkà. Nígbà tí a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869, abẹ́rẹ́ bá wọn wọ kíláàsì. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí ó padà bọ̀ náà kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀rọ ìránṣọ, tí Howe gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1846 àti Singer ní 1851, tún da ọ̀rọ̀ náà rú: ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin fi ẹ̀rọ yìí wọ inú iṣẹ́ àdìrẹ, wọ́n ń rán ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ohun tí ó ń gba obìnrin ní ọjọ́ púpọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá iṣẹ́ òpìtàn mu tó èyí, ẹ̀kú egúngún sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn Ògù tí ó bá wa pààlà ń fi ìko bo Sangbétọ̀ tiwọn. Tiwa, aṣọ ni. A rán an ní ìrépé gígùn-gígùn, a fi aṣọ pupa ṣe etí rẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó, a sì ń fi tuntun kún un bí ọdún ti ń yí ká, títí ti àtijọ́ yóò fi bọ́ sí abẹ́. Ọkùnrin ni ó ń rán an. Ṣùgbọ́n àpótí àwọn ìyá ilé ni púpọ̀ nínú aṣọ náà ti ń jáde. Ní ọdún 2019, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní New York pàtẹ ẹ̀kú kan tí a ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún: irú aṣọ tí a rán pọ̀ sí i lé ní 300, ti ilẹ̀ wa, ti Yúróòpù àti ti Éṣíà. Àwọn oníṣòwò tí ó tà wọ́n ti lọ, ìwé wọn ti sọnù. Àkísà wà níbẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, èéṣe tí a kò fi rán irú aṣọ ìbora nínípọn alábùlẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rán? Ooru ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Àwọn Hausa àti Kànúrí ń rán ohun tí ó jọ ọ́, lífídì, aṣọ alábùlẹ̀ tí a ki òwú àràbà sí nínú, ṣùgbọ́n ẹṣin ogun ni wọ́n fi ń wọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ti wo iṣẹ́ Harriet Powers, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí sí oko ẹrú ní Georgia ní 1837, tí ó kú ní 1910, tí aṣọ ìbora rẹ̀ méjì tí ó fi ìtàn Bíbélì ṣe wà títí di òní. Wọ́n ní ó jọ aṣọ àlẹ̀mọ́ tí ìdílé Yemadje ń rán fún àwọn ọba Dahomey ní Abomey. Jíjọ kò tó ẹ̀rí. Àwọn tí a tà láti etíkun wa yìí, Brazil àti Cuba ni púpọ̀ nínú wọn dé, kì í ṣe Georgia. Bí a bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ abẹ́rẹ́ tiwa kọjá òkun, erékùṣù Itaparica ní Bahia ni kí a lọ, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣe egúngún títí di òní nínú ẹ̀kú aláṣọ tí wọ́n fi dígí àti owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Nílé ńkọ́? Ní Òkòkòmaikò, òbíọ́mà ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká kiri, ó ń lu àlùmọ́gàjí kí a lè mọ̀ pé ó ń kọjá. Òun ni ó gba àbùlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà. Òkìrìkà sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi rí ìdí tí a fi ń lẹ aṣọ. Ní ìsọ̀ àwọn télọ̀, ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún mẹ́ta kí ó sì gba fíríìdọ̀mù láìfi ọwọ́ ṣẹ́tí aṣọ kan rí, nítorí ẹ̀rọ ni ó ń ṣe é. N kò bá wọn jà; oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kú tí ó ti pẹ́ kò ṣe é fi sí abẹ́ ẹ̀rọ, yóò fàya. Ọwọ́ nìkan ni ó lè tún un ṣe, àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì mọ̀ ọ́n ti dàgbà. Mo bẹ ẹ̀ka yìí kí ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí agbo ilé ní Ìbà àti Ọ̀jọ́ kí ìsinmi tí ń bọ̀ tó parí, kí wọ́n mú aṣọ yíya dání lọ pẹ̀lú òwú, kí wọ́n sì jẹ́ kí a fà á yọ bí ó bá wọ́.