Nígbà tí Ẹ̀gẹ́ Bá Pọ̀ Jù ní Ẹdẹ

Ẹ̀gẹ́ tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ kì í yọ olóko lẹ́nu. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan, kódà fún ọdún méjì, kí olóko máa wo ojú ọjà. Ọjọ́ tí wọ́n bá wú u ni ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, oníbàárà yóò sì fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ìtàn ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá fi ju ìtàn oko lọ. Ìtàn ohun tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀gẹ́ ṣe nígbà tí ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè jẹ ni, àwọn obìnrin ló sì ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìlú Ẹdẹ kò ṣàjèjì sí ohun tí ó ti òkè òkun wá. Ẹdẹ-Ilé, ibi tí ìlú náà kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó ṣí wá sí ibi tí ó wà lónìí, jẹ́ ìlú tí Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ láti ṣọ́ ọ̀nà. Ìtàn ìlú fi yéni pé Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé, ológun tí ọfà rẹ̀ ń jó bí iná, láti dá àwọn tí ń kó èrò ọ̀nà lẹ́rù dúró. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí owó ẹyọ àti ìkòkò tábà. Láti Amẹ́ríkà ni tábà ti wá, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàdo àti tábà yára gbilẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì fẹsẹ̀ falẹ̀.

Ohun tí ó fa ìfàsẹ́yìn náà ni májèlé. Oríṣi ẹ̀gẹ́ púpọ̀ ní oró tí ó lè pa ènìyàn bí wọ́n bá jẹ ẹ́ láìṣe é dáadáa. Àwọn Potogí ti gbé e dé etí òkun Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n igi láìsí ọgbọ́n ìṣeé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó mú ọgbọ́n náà dání ni àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti ṣe ẹrú ní Bùràsíìlì tí wọ́n sì padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Bùràsíìlì, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan lórí iná ni oúnjẹ ojoojúmọ́. Ó dunni láti rò ó pé oko ẹrú ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tí ó wá bọ́ ilẹ̀ baba wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n náà ni ó ti òkè òkun wá. Kí ẹ̀gẹ́ tó dé ni àwọn Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba iṣu lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Bí iṣu bá pọ̀, wọn a bó o, wọn a bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọn a sá a sóòrùn títí yóò fi le koránkorán. Gbodo nìyẹn, bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wá dé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe láfún, àfi pé wọ́n fi rírẹ sómi rọ́pò bíbọ̀. Wọn a rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, wọn a yọ ìran inú rẹ̀, wọn a sá a sórí àpáta. Omi yẹn ló ń gba oró náà lọ. Fùfú tún gba ọ̀nà mìíràn: lẹ́yìn rírẹ ni wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì jẹ́ kí ó silẹ̀.

Gaàrì ló gba agbára jù nínú gbogbo wọn. Bíbó ni ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ni fífọ̀ àti rírin. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu sí wẹ́wẹ́ ni àwọn ìyá àtijọ́ fi ń rin ín, ìka wọn a sì máa bó pẹ̀lú ẹ̀gẹ́. Wọn a di í sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè fún, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó kan, wọn a kù ú, kí wọ́n tó wá yan án nínú agbada gbígbóná. Ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀ ló ń pinnu adùn rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú fẹ́ kí ó kan gidi, àwọn mìíràn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì lè tán láé. Àwọn Faransé kó ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ wọ Dàhómì ní àwọn ọdún 1930, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì tàn dé Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ìka sinmi díẹ̀.

Rélùwéè ló sọ àjẹṣẹ́kù di owó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907, Ẹdẹ sì wà lójú ọ̀nà náà. Gaàrì fúyẹ́ ju ẹ̀gẹ́ tútù lọ, kì í sì í tètè bàjẹ́. Irú ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn fi ipá dá iye owó lé gaàrì àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó, lábẹ́ ètò tí wọ́n fi orúkọ Captain Pullen pè. Àwọn ìyálọ́jà, tí Alimotu Pelewura jẹ́ aṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò yan gaàrì rí kò lè mọ iye tí igi ìdáná àti ìnira rẹ̀ tó.

Ní àkókò ogun kan náà, àwọn ará Faransé ń jẹ topinambour, gbòǹgbò kan tí òun náà ti Amẹ́ríkà wá, nítorí àwọn Jámánì ń kó ọ̀dùnkún wọn lọ. Ó máa ń pọ̀ yamùrá nínú ilẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ ènìyàn níkùn. Bí ogun ṣe parí, ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ rí i mọ́. Gaàrì kò rí irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé kì í ṣe ogun ló fi í lé àwọn Yorùbá lọ́wọ́.

Ewu rẹ̀ kò tán síbẹ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ẹsẹ̀ fi ń kú tipiri, tí ojú sì ń ṣú. Ó so ó mọ́ oró ẹ̀gẹ́ lára àwọn tí kò ní oúnjẹ mìíràn. Ẹni tí ó bá ń kánjú láti yan gaàrì kí ó tó kan, nítorí ọjà ń pè é, ẹlòmíràn ló ń fi ara rẹ̀ san owó ìkánjú náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ wá di ìṣòro fúnra rẹ̀. Kòkòrò funfun kan tí ń fa omi ewé ẹ̀gẹ́ wọ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1970. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wá agbọ́n kékeré kan láti Paraguay tí ń pa á, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1981. Hans Herren tí ó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Pẹ̀lú irúgbìn tuntun tí ń so wọ̀ǹtìwọnti, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tí ń kó ẹ̀gẹ́ jọ jù lọ láyé. Ní 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí àwọn àgbẹ̀ gbìn sí i, pé bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni yóò máa wọlé lọ́dún láti òkè òkun. Àwọn àgbẹ̀ gbìn. Àwọn oníbàárà òkè òkun kò yọjú bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Wọ́n ní kí àwọn oníbúrẹ́dì pò ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ àlìkámà, ṣùgbọ́n òfin náà kò dúró ṣinṣin, ìjọba Goodluck Jonathan sì tún un gbé dìde.

Nígbà tí iye owó bá já lulẹ̀ báyìí, àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ tàbí ìdílé tí yóò bá a bó ẹ̀gẹ́ máa ń tà á lórí oko ní ẹ̀dínwó, oníṣòwò sì ń kó o lọ. Ẹni tí ó ní agbada, igi àti ọwọ́ àwọn obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ ló lè dúró de ọjà. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́bàá ibi ìyangaàrì, èéfín sì ń wọ ojú àwọn tí ó wà nídìí agbada.