James Black àti Oògùn Tó Gba Ọgbẹ́ Inú Lọ́wọ́ Abẹ

Kí ọdún 1976 tó dé, ẹni tí ọgbẹ́ inú bá ń dà láàmú kò ní ọ̀nà àbáyọ púpọ̀. Láti ọdún 1915 ni Bertram Sippy, dókítà ará Chicago, ti là á sílẹ̀ pé kí aláìsàn máa mu mílíìkì ní wákàtí-wákàtí, kó sì máa lo ẹ̀tù tó ń pa ásíìdì. Bí ìyẹn ò bá ràn án, abẹ ló kù. Wọ́n á gé lára àpòlúkù rẹ̀, tàbí kí wọ́n gé iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ikùn. Àwọn míì kú sórí tábìlì. Àwọn míì yè é, àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru àti òòyì ẹ̀yìn oúnjẹ kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ mọ́.

James Whyte Black, ọmọ Skọ́tílándì tí wọ́n bí sí Uddingston lọ́dún 1924, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìṣègùn ló kọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ ICI ló wà tó fi ṣe propranolol, oògùn tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru mọ̀. Kò dojú kọ ọkàn fúnra rẹ̀ níbẹ̀; ohun tó ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó sáré ló wá kàn, ó sì dí i lọ́nà. Ní 1964, ó gbé ọgbọ́n yìí kan náà lọ sí ilé-iṣẹ́ Smith Kline & French ní Welwyn Garden City, nítòsí London. Ó ní ikùn ló kàn.

Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé bí èròjà tí wọ́n ń pè ní histamine bá wọ ara, ásíìdì á máa tú jáde nínú ikùn. Histamine yìí náà ló ń fa ara yíyún àti imú ṣíṣàn tí à ń lo Piriton sí. Síbẹ̀, Piriton àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ásíìdì mú. Black ní a jẹ́ pé ibi tí histamine ń jókòó sí nínú ikùn yàtọ̀ sí ti imú. Oògùn tó ń wá gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tó sáré jókòó sórí àga kí alága tó dé: kó jọ histamine tó bẹ́ẹ̀ tí àga á fi gbà á, kó má sì lè pàṣẹ.

Ó rọrùn lẹ́nu. Robin Ganellin àti àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì yòókù po èròjà bí 200 láàárín ọdún mẹ́rin. Wọ́n á fún eku lóògùn oorun, wọ́n á máa fi omi ṣan ikùn rẹ̀, wọ́n á ru ásíìdì rẹ̀ sókè, wọ́n á wá fi èròjà tuntun sí i, wọ́n á máa wò ó bóyá á dín kù. Kò dín kù.

Guanylhistamine wà lára àwọn èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ pò, wọ́n sì ti pa á tì nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń mú ásíìdì jáde. Ìgbà tí wọ́n tún ọ̀nà àyẹ̀wò ṣe ni wọ́n rí i pé bó ti ń mú díẹ̀ jáde náà ló ń dí histamine lọ́wọ́. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti yanjú, kì í ṣe ọjọ́ tí oògùn dé ọjà. Ohun tí wọ́n ń wá kiri ti wà lórí àtẹ wọn. Àyẹ̀wò wọn ni kò mọ̀ ọ́n.

Burimamide tẹ̀ lé e, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1972, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ tó bí a bá gbé e mì. Metiamide lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan kù. Wọ́n yọ ibi tí wọ́n fura sí lára rẹ̀, wọ́n fi òmíràn dípò, cimetidine sì jáde. Tagamet ni wọ́n fi tà á ní Ìlú Ọba lóṣù Kọkànlá ọdún 1976, ó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún kejì. Black ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà láti 1973. Ní 1988, òun, Gertrude Elion àti George Hitchings jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọdún yẹn náà ni omeprazole, tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì wa báyìí, jáde láti Swídìn. Òun kì í dí àga kankan. Ẹ̀rọ tó ń tú ásíìdì jáde gan-an ló ń pa. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti dáwọ́ oògùn dúró, ọgbẹ́ sábà máa ń padà. Barry Marshall àti Robin Warren, ní Perth ní Ọsirélíà, ló fi hàn pé kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn, Helicobacter pylori, ló ń dá púpọ̀ nínú ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò yìí lónìí, dókítà á kọ oògùn apakòkòrò papọ̀ mọ́ omeprazole tàbí irú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.